Mọ́tò tó ń mu ọ́ìlì: ẹ má tíì pe mẹkáníìkì yín ní olè

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa níbí ní Kánò, ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn àgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wá rú. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan wá, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, pé ó ń jí ọ́ìlì òun. Wọ́n ní ọmọ náà ṣe sẹ́fíìsì mọ́tò àwọn, ọ́ìlì tuntun ni àwọn fi owó àwọn rà fún un, kò pé oṣù méjì tí géèjì fi gbẹ. Wọ́n tún rà, ó tún gbẹ. Wọ́n yẹ abẹ́ mọ́tò wò, ilẹ̀ mọ́ nini, ẹ̀kán kan ò sí níbẹ̀. "Ta ló wá mu ún? Àbí èmi ni mo fi dín dòdò?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín o, omi ti dé ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá náà. Àwa tí à ń kọ èyí, ọ́ìlì àti ẹ̀yà ara mọ́tò la ń tà ní Sábọ̀n Gàrì, iṣẹ́ ìròyìn yìí la fi ń kún un. Ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀gbọ́n yẹn ti ra ọ́ìlì. Bí ọmọ náà ṣe búra tán pé òun ò jí nǹkan kan, ojú gbogbo èèyàn yí sí wa: bí mẹkáníìkì ò bá jalè, a jẹ́ pé ayédèrú ni ọ́ìlì tí a tà.

A ò ní dárúkọ irú mọ́tò náà, torí gbogbo àdúgbò á mọ ẹni tí à ń sọ. Ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ dábàá ni pé kí a rọ ọ́ìlì tuntun sí i lójú ẹlẹ́rìí mẹ́ta, kó dé àmì òkè, kí a fi téèpù dí ìdérí ọ́ìlì àti géèjì, kí àwọn ẹlẹ́rìí buwọ́ lù ú lórí. Kí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn máa wà á, kí kọ́kọ́rọ́ má kúrò lápò wọn, kí mẹkáníìkì kankan má sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ká padà wá wò ó. Gbogbo wa gbà.

Kí ọjọ́ náà tó pé, a lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì láti ìgbà tí a ṣì wà ní ilé ìwé. Ohun tó fi hàn wá la fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin èèyàn wa tó wà ní ìdálẹ̀, torí ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti Kánò nìkan. Ẹ ó rí irú rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Màídúgùrì, níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá ti ra tòkunbọ̀ tó ń wà á lọ sílé lọ́dún.

Bàbá náà mú písítìn àtijọ́ kan jáde látinú ike, ó nù ún, ó gbé e lé wa lọ́wọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì, òun ló ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Irin ń gbo irin. Ọ́ìlì tó wà láàrin wọn ni kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ ara wọn. Ríìngì mẹ́ta ló wà lára písítìn kọ̀ọ̀kan. Méjì òkè ń sé agbára iná mọ́lẹ̀ kó má jò lọ sísàlẹ̀. Ìkẹta tó wà nísàlẹ̀ ni ti ọ́ìlì: òun ló ń fá ọ́ìlì kúrò lára ògiri ihò náà, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka nu ọbẹ̀ lára ìkòkò. Ọ́ìlì tó bá fá, ó ní láti padà sísàlẹ̀, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n lu sára písítìn ló sì ń gbà lọ.

Ihò wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹni tó ya àwòrán ẹ́ńjìnnì bá ṣe é kéré jù, tàbí tí kò lù ú pọ̀ tó, èéfín dúdú tí iná ń fi sílẹ̀ á máa dí i díẹ̀díẹ̀, bí asẹ́ ògì tí èèrí dí. Ọ́ìlì ò ní rí ọ̀nà padà. Ríìngì á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó jókòó sí, kò ní lè tẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa mọ́. Ọ́ìlì tó ṣẹ́kù sókè á bá epo jóná, á sì gba sàlẹ́ńsà jáde. Kò kán sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò jí i. Ó jóná ni.

Wọ́n ń dín agbára tí ríìngì fi ń tẹ ògiri kù kí mọ́tò má bàa mu epo púpọ̀. Ohun tó dáa ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n ríìngì tó rọ̀, tí ihò tó dí wá pẹ̀lú rẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ ni Camry tí àwa níbí ń pè ní "Muscle", èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 tí wọ́n ń pè ní 2AZ-FE. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ra ti 2007 sí 2009 ráhùn pé ó ń mu ọ́ìlì. Ní 2011, Toyota kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà rẹ̀ níbẹ̀ pé òun ti yí písítìn rẹ̀ padà kí ọ́ìlì tó ń mu lè dín kù. Nígbà tó di 2015, wọ́n fi kún wáráńtì rẹ̀: ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo mọ́tò náà, tàbí 150,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Èyí tó ti kọjá iye yẹn ní àǹfààní títí di ìparí oṣù kẹwàá 2016. RAV4, Solara àti Corolla kan tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 kan náà wà nínú rẹ̀. "Muscle" tó jẹ́ V6 kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti 2010 àti 2011 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.5.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Wọ́n á kún ọ́ìlì dé àmì, wọ́n á ní kí olówó mọ́tò lọ máa wà á, kó padà wá nígbà tó bá pé 1,200 máìlì. Bí ohun tó mu bá tó kúọ́ọ̀tì kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan nínú nǹkan bí 1,900 kìlómítà, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á pààrọ̀ písítìn àti ríìngì láìgba kọ́bọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ò mọ nǹkan kan nípa Toyota nígbà tó ní ká fi téèpù dí géèjì, ọgbọ́n kan náà ló dá.

Àmọ́ ìlérí ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Nínú àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, a rí èyí tí wọ́n ti tún ṣe, a rí èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn rí. Téèyàn bá dúró níwájú méjèèjì, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àṣìṣe àwòrán yàtọ̀ sí àṣìṣe ilé iṣẹ́ o. Ẹ wò ó bí aṣọ ẹbí. Bí télọ̀ bá gé àwòṣe apá aṣọ kúrú, gbogbo ẹbí ni apá aṣọ wọn máa kúrú, kò sí ẹni tó máa yọ. Ṣùgbọ́n bó bá gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú aṣọ ẹnì kan, ẹni yẹn nìkan ni abẹ́rẹ́ máa gún, àwọn yòókù á jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rọ̀ ihò písítìn yẹn, ti àwòṣe ni. Ti abẹ́rẹ́ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ sí Hyundai. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, wọ́n pe Sonata 2011 àti 2012 tó tó nǹkan bí 470,000 padà ní Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ọ́ìlì sára kíráńkì ní ilé iṣẹ́ wọn ní Alabama, èérún irin ṣẹ́kù sínú òmíràn, wọn ò fọ̀ ọ́ mọ́ tó. Èérún bíńtín yẹn lè dí ọ̀nà ọ́ìlì. Béárìn tó yẹ kó máa wẹ nínú ọ́ìlì á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, kó tó dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì nìyẹn. Toyota náà kò bọ́ nínú irú ẹ̀: ní 2024 wọ́n pe Tundra àti Lexus LX 2022 àti 2023 tó lé ní 100,000 padà nítorí èérún irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ olówó iyebíye, èérún irin ló dà wọ́n láàmú.

Ẹ̀ka kẹta tún wà, ti ọ́ìlì tó dì. Àwọn Camry àti Sienna tí wọ́n ṣe láàrin 1997 sí 2002, tó fi dé Lexus RX300 àti ES300, ẹ́ńjìnnì 2.2 àti V6 3.0 wọn ní ìṣòro yìí ní Amẹ́ríkà: ọ́ìlì á gbóná jù, á dì bí ẹ̀kọ, á sì dí ọ̀nà. Ohun tí Toyota kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn olówó mọ́tò ni wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Àwọn èèyàn kọ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2007. Mọ́tò tí ìyẹn kàn lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ṣé ẹ rí i pé ẹjọ́ "ìwọ lo fà á" kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n wa nìkan.

(Àwọn tó ní "Big Daddy", Camry 2002 sí 2006, ti tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 2.4 náà ni, àmọ́ ojú ọ̀nà bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú ló máa ń fà tu lẹ́yìn, omi á máa jò, mọ́tò á máa gbóná. Bí wọ́n bá kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì láìtún ojú bóòtù náà ṣe, owó ti wọ igbó nìyẹn.)

Ibi tó ń dùn wá jù la wá dé yìí, torí ojoojúmọ́ là ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò ẹnì kan ń mu ọ́ìlì, wọ́n ní kó lọ ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù. Ó yá owó, ó gba owó àjọ, ó ra a, wọ́n dè é. Oṣù mẹ́fà, ó tún ti ń mu ọ́ìlì. Ó padà wá bú ẹni tó tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni Bẹ́ljíọ̀mù yẹn ti wá? Ara irú mọ́tò kan náà, ọdún kan náà, ni wọ́n ti tú u. Àìsàn tó wà lára ti àkọ́kọ́ ló wà lára ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó pààrọ̀ ríìngì nìkan tó dá písítìn àtijọ́ padà: ihò kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Bí ẹ bá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì 2AZ, písítìn tí wọ́n yí padà yẹn ni kí ẹ béèrè, pẹ̀lú ríìngì rẹ̀, kí mẹkáníìkì sì wo ògiri ihò bóyá kò tíì jẹ. Bí ẹni tó fẹ́ ṣe é ò bá mọ ìyàtọ̀ písítìn àtijọ́ sí tuntun, ẹ má jẹ́ kó tú u.

Ọ́ìlì tó nípọn ńkọ́? Àwọn kan máa ń ní kí a rọ èyí tó nípọn jù sí i kó lè dín mímu kù. Ó lè dín kù díẹ̀ lóòótọ́, a ò ní purọ́. Àmọ́ kò la ihò tó dí, ó sì máa ń lọ́ra láti dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, ní pàtàkì lásìkò ọyẹ́ ní òkè yìí. Ẹni tó ń ta ọ́ìlì ló ń sọ èyí fún yín o.

A ò sì ní sọ pé gbogbo mẹkáníìkì ló mọ́. A ti rí èyí tó rọ ìdajì sínú mọ́tò, tó ta ìdajì. A ti rí ayédèrú ọ́ìlì nínú ike tó ń dán ju ti gidi lọ, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́ tí wọ́n tún dì. Ẹ dúró nídìí mọ́tò yín nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ìlì, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín já ìdérí ike. Ẹ wo abẹ́ mọ́tò àti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì bóyá ó ń jò. Síìlì fáàfù tó ti gbó náà lè máa jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé, èéfín rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò. Nígbà tí ẹ bá ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò tí ọ́ìlì ṣì ń lọ, ẹ wá fura sí ríìngì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó ní kí wọ́n má tan mọ́tò kí òun tó dé. Fọwọ́ kan bóńẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tàn án, ẹ béèrè ìdí. Ṣí ìdérí ọ́ìlì, tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: bí ẹ bá rí nǹkan dúdú tó dì bí ọ̀rá, ẹ yáa máa lọ. Tàn án, kó dúró jẹ́ẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan wá tẹ tọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá wà lẹ́yìn. Èéfín tó ń dà bí àwọ̀ aró tó ṣá, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ ti ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà nígbà tó bá tutù: dúdú tó gbẹ kò burú, dúdú tó ń yọ̀ kì í ṣe àmì dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì kan, bí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn "Muscle" kan wà tí kì í rú èéfín tí ojú lè rí, síbẹ̀ wọ́n ń mu. Àwọn tó ń tà á náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọ nǹkan tó ki sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Torí náà nọ́ńbà ara mọ́tò náà ṣe pàtàkì. Ẹ fi í wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Carfax àti irú wọn. Nígbà míì ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Wọ́n máa ń gba owó fún un.

Ẹni tí tiẹ̀ ti ń mu tẹ́lẹ̀ tí kò sì tíì rí owó tún un ṣe, ìṣirò ni kó máa ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú Kánò sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lílọ àti àbọ̀ kò lè dín ní 1,400 kìlómítà. Ọ́ìlì tó wà nínú "Muscle" 2.4 nígbà tó bá kún, nǹkan bíi lítà mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Bí tiyín bá ti burú débi pé ó ń mu lítà kan ní 600 kìlómítà, ó máa mu ju lítà méjì lọ kí ẹ tó padà dé. Ìdajì ọ́ìlì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá wọ́n ọn láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, tí kò tún wò ó mọ́ títí ó fi padà, ó ń wa mọ́tò tó ń gbẹ.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé iná pupa inú mọ́tò, èyí tí àwòrán rẹ̀ dà bí àgé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iná yẹn ń sọ iye ọ́ìlì tó kù. Rárá o. Agbára tí ọ́ìlì fi ń lọ káàkiri ló ń wò. Nígbà tí yóò bá fi tàn, ohun tí ẹ̀rọ ń fà ti dín kù débi tí béárìn ti ń jẹ ara wọn. Bó bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ irú ọ̀nà tí à ń gbà, láti Kàdúná lọ, láti Tẹ́gínà lọ. Ibi tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú lálẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò nìkan ni èèyàn ń bá jà níbẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ wà lẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ tún fà á. Láàrin àmì méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Ẹ kún un dé àmì òkè, ẹ má kọjá ibẹ̀, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù, kíráńkì á máa lù ú, á máa hó bí ọṣẹ. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró ra epo, ẹ tún wò ó. Ẹ gbé lítà méjì sí búùtù, irú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan nínú mọ́tò, kí ẹ máa kọ kìlómítà àti iye tí ẹ fi kún un. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ fún yín bóyá mímu náà dúró sójú kan tàbí ó ń pọ̀ sí i. Èyí tó dúró sójú kan, èèyàn lè fara dà á fún ọdún mélòó kan. Èyí tó ń pọ̀ sí i, ẹ tètè wá owó.

Ní ti ẹjọ́ wa, ẹ̀gbọ́n wa wa mọ́tò náà lọ Kàdúná lẹ́ẹ̀méjì, wọ́n tún fi rìn nínú ìgboro, ó tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta pé. Téèpù wà bó ṣe wà, ìbuwọ́lù wọn wà lórí rẹ̀. Wọ́n fa géèjì, kò sí ọ́ìlì lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ohun tí a rọ sí i kó tó padà dé àmì òkè lé ní lítà kan. Ilé dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa dìde, wọ́n bẹ ọmọ náà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì bẹ àwa náà.

Ọmọ náà gba ẹ̀bẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Wọ́n ti ń gbé ìwé kékeré kan sínú mọ́tò yẹn báyìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò tíì padà lọ tún un ṣe fún wọn, bí wọ́n bá pè é, á ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun.